Ilé Tí Bàbá Mùrí Kọ́ fún Sùúrù

Títí di òní, bí ẹ bá dé Ìsàlẹ̀-Ọbà ní Ìwó tí ẹ sì dárúkọ olóògbé Bàbá Mùrí, ìtàn kan ni wọn yóò kọ́kọ́ sọ fún yín. Ìtàn àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan ni, tí bàbá náà jáde síta láìdé fìlà, tó ń sáré láti ojúlé dé ojúlé, tó ń ké pé, "Ẹ gbà mí o, Sùúrù ti bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́."

Àwọn èèyàn rò pé ìjà ni. Àgbàlagbà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún kì í ṣàdédé kéde fún aráyé pé sùúrù òun ti tán. Àwọn ọkùnrin tó jókòó níwájú ilé dìde, wọ́n dì í mú. Safurat tó ń sin adìẹ ní òdìkejì títì kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ohun yòówù kó jẹ́, ẹ ní sùúrù."

"Mo ní in. Àná ni mo fún un lóúnjẹ gbẹ̀yìn."

"Ẹ ro ti Ọlọ́run mọ́ ọn. Ṣé Ìyá Rokibat ló ṣẹ̀ yín?"

"Òun ló ṣílẹ̀kùn sílẹ̀. Ẹ fi mí sílẹ̀ kí n wá Sùúrù mi lọ."

"Ẹ ò ní wá a jìnnà, Bàbá. Inú yín ló wà."

"Inú mi kẹ̀? Safurat, ṣé mo jọ ẹni tó gbé e mì ni?"

Awọ́nríwọ́n ni Sùúrù, ẹranko etí odò tó dà bí alángbá tí ẹnìkan gbàgbé láti sọ fún pé kó má dàgbà mọ́. Láti imú dé ìrù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó èèyàn. Méjì ni Bàbá Mùrí ń sìn ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, akọ ń jẹ́ Sùúrù, abo ń jẹ́ Ọpẹ́.

Ní àkókò yìí, Alfa Abdulquadri wà nínú mọ́ṣáláṣí kékeré tó fara ti ilé bàbá náà. Òun ló ń ṣíwájú ìrun níbẹ̀, ó sì ń ṣe wáàsí lọ́wọ́ fún àwọn obìnrin ẹgbẹ́ ásàlátù. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run tó ní Òun ń bẹ pẹ̀lú àwọn onísùúrù ló ń túmọ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ má ṣe wá sùúrù lọ sọ́nà jíjìn. Ó sún mọ́ yín ju bí ẹ ṣe rò lọ." Kò tíì pa ẹnu dé tí àwọn tó wà níwájú fi bẹ̀rẹ̀ sí í dìde láìgbàṣẹ. Alfa bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ àga rẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ní nínú gbogbo àwọn tó ń wá Sùúrù lọ́jọ́ náà, Alfa ló kọ́kọ́ rí i, òun náà ló sì kọ́kọ́ sá fún un.

Gbogbo àdúgbò rẹ́rìn-ín. Alfa kò rẹ́rìn-ín. Ìfura ló bá a délé.

Èèyàn tó gba Ọlọ́run gbọ́ ni Alfa, kì í fi ọ̀rọ̀ ṣe ọgbọ́n. Dúdú ni dúdú lójú rẹ̀, funfun ni funfun. Bàbá Mùrí ni kò mọ ibi tí yóò fi sí. Fíríìjì ni bàbá náà fi gbogbo ayé rẹ̀ tún ṣe. Ekukáká lẹ fi máa rí ilé tó ní fíríìjì ní Ìwó tí kò tíì tú ti ibẹ̀ palẹ̀ rí. Kì í pa ìrun jẹ. Rokibat ọmọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní báńkì ní Òṣogbo. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí ló ń fi awọ́nríwọ́n ṣe? Ajá là ń sìn, ológbò là ń sìn. Awọ́nríwọ́n, jíjẹ là ń jẹ ẹ́. Ẹni tó bá mú un tí kò jẹ ẹ́, a jẹ́ pé ó ń fi í ṣe nǹkan mìíràn nìyẹn, nǹkan náà kò sì ní jẹ́ ohun tí a ń sọ ní mọ́ṣáláṣí.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà wọ Alfa lára ju ti ẹlòmíràn lọ ni pé òun ni yóò kírun sí bàbá náà lára lọ́jọ́ tó bá kú. Àṣà wọn ni pé lọ́jọ́ àdúà ọjọ́ kẹjọ, Alfa á bi ìjọ léèrè pé, "Irú èèyàn wo ni olóògbé?" Wọ́n á sì jẹ́rìí sí i. Láti ẹnu Alfa ni ẹ̀rí náà ti ń gbilẹ̀. Kò sì tíì purọ́ lórí òkú rí.

Kì í ṣe òun nìkan ló fura. Ràhámọ̀tù, ìyàwó Bàbá Mùrí, ló kọ́kọ́ fura ṣáájú gbogbo wọn. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi okùn wọn ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, ó bi í pé kí ni.

"Ilé ni."

"Ti ta ni?"

"Ti àwọn tó ń bọ̀."

Bàbá Mùrí kọ́ ọ, ó lẹ àfọ́kù táìsì sílẹ̀ rẹ̀. Ilé ìdáná Ràhámọ̀tù kò ní táìsì. Ó la dúrọ́ọ̀mù sí méjì, ó ri ìdajì kan mọ́lẹ̀, ó pọn omi kún un fún ìwẹ̀. Ó gbé ìkòkò èédú sí kọ̀rọ̀ kan, irú èyí tí àwọn ọlọ́sìn adìẹ fi ń mú ara òròmọdìẹ gbóná. Ràhámọ̀tù bẹ̀rẹ̀ sí í pe ẹbí lórí fóònù, ó ń sunkún pé ọkọ òun ń mú ìyàwó kékeré bọ̀, ìyàwó tí òtútù tètè ń mú. Lọ́jọ́ tó rí i pé awọ́nríwọ́n méjì ni, ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Nígbà tí òórùn ìfun ẹja wá gba gbogbo ilé, ó ní ìyàwó kékeré ì bá sàn, òun ì bá tiẹ̀ lè rán an níṣẹ́.

Ọ̀nà Olúpọ̀nnà ni Bàbá Mùrí ti rí wọn. Ọdẹ kan so wọ́n mọ́ igi lẹ́bàá títì, ó di ẹsẹ̀ wọn sẹ́yìn, ó ń dúró de ẹni tí yóò fi wọ́n se ọbẹ̀. Bàbá Mùrí bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà. Ẹni tó bá ti bá a ná ọjà rí á ti mọ̀ pé ọjọ́ ọdẹ náà ti bàjẹ́.

"Tú akọ yìí sílẹ̀ kí n rí bó ṣe ń rìn."

"Bàbá, ẹran ọbẹ̀ ni. Kí lẹ fẹ́ fi ìrìn rẹ̀ ṣe?"

"N ò ra ọ̀kadà tí n kò gùn wò rí."

Ọdẹ ní kò ṣeé ṣe. Bàbá Mùrí jókòó tì í, ó ń sọ ìtàn fíríìjì fún un, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ni ín àti ohun tó bà á jẹ́, títí oòrùn fi yí. Nígbà tó yá, ọdẹ tú ẹran náà fúnra rẹ̀. Ó rìn dáadáa. Ó rìn wọ igbó lọ. Àwọn méjèèjì lé e dé etí odò kí wọ́n tó rí i mú, ibẹ̀ ni ọdẹ sì ti bẹ̀ ẹ́ pé kó máa kó méjèèjì lọ ní iyekíye tó bá wù ú, kó ṣáà má sọ pé òun fẹ́ rí bí èkejì náà ṣe ń rìn.

Ilé tó kọ́ fún wọn kò jọ ilé ẹran kankan. Òkú fíríìjì ló fi ṣe ògiri, ó tò wọ́n nídùúró, ó yọ ìfun wọn, ó fi wáyà nẹ́ẹ̀tì bo òkè. Ìlẹ̀kùn fíríìjì ni ìlẹ̀kùn yàrá kọ̀ọ̀kan. Ó ní fíríìjì tó mọ bí wọ́n ṣe ń pa òtútù mọ́, ta ló sọ pé kò lè pa ooru mọ́? Iṣẹ́ ògiri ni, kì í ṣe iṣẹ́ iná. Alfa ro ọ̀rọ̀ náà lọ ro ó bọ̀, kò rí ibi tó ti ṣì, èyí sì tún dá kún ìfura rẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ tí Sùúrù sá lọ sí mọ́ṣáláṣí, Bàbá Mùrí ní ẹni tó bá kọ́ ilé túbú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbìyànjú láti sá jáde níbẹ̀. Ó kó àwọn awọ́nríwọ́n sí yàrá kejì, òun fúnra rẹ̀ wọ yàrá kìíní, ó ní kí Ràhámọ̀tù pa ilẹ̀kùn dé. Ó fi èjìká tì í, ó fi ẹsẹ̀ tì í, ó gun òkè, ó wo abẹ́. Kò sí ibì kan tó ṣeé gbà. Inú rẹ̀ dùn.

"Ó ti dára. Ràhámọ̀tù, ṣí i."

"Táìsì ilé ìdáná mi ńkọ́?"

"Ṣílẹ̀kùn ná, ká sọ̀rọ̀ bí èèyàn."

"Mo ń gbọ́ yín dáadáa láti ibẹ̀."

Alfa ń kọjá lọ sí mọ́ṣáláṣí ló gbọ́ tí ohùn kan jáde láti inú fíríìjì pé, "Alfa, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́." Ó ní Aúsùbílà, ó yára ẹsẹ̀, kò wẹ̀yìn. Ìgbà tí wọ́n kírun tán ni wọ́n tó rí i pé Bàbá Mùrí kò sí ní sàfù, láàárín àwọn tó tò kírun. Ilé ìdáná Ràhámọ̀tù ní táìsì báyìí, tó mọ́ ju ti àwọn awọ́nríwọ́n lọ.

Ìṣòro tó kù ni pé fíríìjì ṣì jọ fíríìjì. Ìbátan ọkọ Rokibat kan wá kí wọn láti Ilé-Ogbó nínú ọ̀gbẹlẹ̀, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó sì bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé kó má baà yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ó ṣí fíríìjì àkọ́kọ́ tó rí. Ọpẹ́ yọ ahọ́n sí i. Ọkùnrin náà ní, "Ẹ má bínú," ó rọra pa ilẹ̀kùn dé, ó padà sí pálọ̀, ó jókòó. Wọ́n ní láti ọjọ́ náà, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ló ń mu.

Ti Safurat wá le ju ti gbogbo wọn lọ. Bí adìẹ rẹ̀ kan bá pẹ́ kó tó wọlé, ẹnu ọ̀nà Bàbá Mùrí ló ń gbà lọ.

"Bàbá, adìẹ mi kan ò sí nílé."

"Awọ́nríwọ́n mi méjèèjì wà nílé."

"Ẹ búra pé wọn kì í jẹ adìẹ."

"N ò lè búra irọ́. Bí wọ́n bá rí adìẹ, wọ́n á jẹ ẹ́ tìyẹ́tìyẹ́. Tìẹ ni wọn ò tíì rí."

Irú ìdáhùn báyìí kì í fi ọkàn ẹni balẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Bàbá Mùrí ló ń dẹ pàkúté sí ibi tí Safurat ń kó oúnjẹ adìẹ sí, kí Sùúrù lè rí eku jẹ, eku sì ti tán níbẹ̀. Safurat á wá fẹ̀sùn kàn án láàárọ̀, á gbé ẹyin tó sán wá fún un nírọ̀lẹ́. Ó ní ọ̀tọ̀ ni ìfura, ọ̀tọ̀ ni aládùúgbò.

Alfa gbìyànjú láti fi wáàsí parí ọ̀rọ̀ náà. Ó sọ ìtàn ọmọnlé tó fẹ́ iná mọ́ Ànábì Ibrahima, ó wá fi kún un pé ọ̀rọ̀ náà kan alángbá àti gbogbo ẹbí rẹ̀. Ìfikún yìí kò sí nínú ìwé. Bàbá Mùrí nawọ́ sókè láti ẹ̀yìn.

"Alfa, ṣé awọ́nríwọ́n wà nídìí iná náà?"

"Bàbá, ẹbí kan náà ni wọ́n."

"Mo ní àbúrò kan ní Olúpọ̀nnà tí kò forí kanlẹ̀ fún Ọlọ́run láti ìgbà tó ti dàgbà. Ṣé kí n jáde ni, àbí kí n jókòó?"

Alfa ní kó jókòó. Ọmọnlé nìkan ló jẹ̀bi lọ́jọ́ náà.

Ohun tó wá da ilẹ̀ rú pátápátá ni ọ̀rọ̀ ògán. Ẹ mọ ògán, ilé tí ikán ń fi amọ̀ kọ́ sókè nínú oko. Ẹ sì mọ ohun tí àwọn kan ń lọ gbé sídìí rẹ̀ nígbà tí ojú kò bá sí níbẹ̀. Bàbá Mùrí hú odidi kan ní oko, ó fi aṣọ funfun wé e kó má baà fọ́, ó gbé e jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ bí èrò ọkọ̀. Oníkẹ̀kẹ́ ń wò wọ́n nínú díńgí.

"Bàbá, kí lẹ wé sínú aṣọ yẹn?"

"Ilé ìgbẹ̀bí ni."

Oníkẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ké súrà. Kí wọ́n tó wọ Ìwó, gbogbo súrà tó mọ̀ ti tán lẹ́nu rẹ̀, ló bá bọ́ sórí orin ṣọ́ọ̀ṣì.

Yàrá kẹta ilé awọ́nríwọ́n ni ògán náà wọ̀. Ọpẹ́ wọ̀ ọ́ lọ, ó ṣe díẹ̀ níbẹ̀, ó jáde. Lẹ́yìn náà Bàbá Mùrí fi páànù bo òkè yàrá náà, ó pa ilẹ̀kùn dé, ó fi àgádágodo ńlá kọ́ ọ. Bí wọ́n bá bi í pé kí ló wà níbẹ̀, á ní, "Nǹkan tó fẹ́ òkùnkùn àti ìdákẹ́jẹ́." Bí ẹni náà bá tún bèèrè, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Sùúrù ni baba ìwà," wọ́n á sì rò pé ó fi òwe lé àwọn lọ ni. Gbogbo Ìsàlẹ̀-Ọbà wá gbà pé àṣírí tí kò ní oògùn nínú kì í ní àgádágodo.

Alfa lọ bá a lẹ́yìn ìrun Àsàrí ọjọ́ kan. Ó ti to ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ sílẹ̀. Ó bá Bàbá Mùrí lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà nẹ́ẹ̀tì, tẹ̀súbà lọ́wọ́ rẹ̀, tó dákẹ́.

"Bàbá, kí lẹ̀ ń ṣe níbí?"

"Ẹ rọra, Alfa. Wọ́n ń ṣàfọ̀mọ́ Ọlọ́run."

Alfa wo inú. Sùúrù nà gbalaja sórí táìsì, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, kò mira.

"Ẹ̀ ń gbọ́ ọ?"

"Rárá o. Ṣebí ẹ̀yin lẹ kà á fún wa pé kò sí ohun tí Ọlọ́run dá tí kì í ṣàfọ̀mọ́ Rẹ̀, àmọ́ kì í yé àwa. Mo kàn jókòó tì wọ́n ni."

"Tí ẹ ò bá wá gbọ́ nǹkan kan, kí ni èrè ìjókòó?"

"Alfa, ẹ̀yin náà ń kírun lójoojúmọ́. Ṣé ẹ máa ń gbọ́ kí wọ́n dá yín lóhùn?"

Bàbá Mùrí kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó bèèrè bí ẹni tó ń bèèrè bóyá iná ti dé. Kò sí ẹni tó mọ̀ ní àdúgbò pé ó ti ṣe díẹ̀ tí àdúà Alfa ti dà bí omi tó ń ṣàn láti ojú páìpù, tí kò dá a lójú mọ́ pé garawa wà nísàlẹ̀. Ó ń kírun. Ó ń gbààwẹ̀. Kò fi ọjọ́ kan jẹ. Ó kàn ń tẹ́tí sílẹ̀ lẹ́yìn ìrun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni. Ó dúró díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá náà, ó sì lọ. Ó délé kó tó rántí pé òun kò bèèrè yàrá kẹta, ló bá tún ń fura pé bóyá ṣe ni bàbá náà mọ̀ọ́mọ̀ fi ìbéèrè yí òun lọ́nà.

Àìsàn tó mú Bàbá Mùrí kò fi àkókò ṣòfò. Nígbà tí Alfa lọ bẹ̀ ẹ́ wò, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. Ó di Alfa lọ́wọ́ mú.

"Alfa, ẹ bá mi tọ́jú ìwà."

Alfa fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ ọwọ́ rẹ̀. "Ìwà kẹ̀, Bàbá?"

"Ẹ tọ́jú ìwà dáadáa. Kò ní pẹ́ yọ síta. Gbogbo èèyàn ló máa rí i."

Alfa ní àmín, nítorí kò mọ ohun mìíràn tí a ń sọ. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà bá a délé. Ìwà òun? Kí ni bàbá náà rí? Ṣé ó mọ̀ pé ọkàn òun gbẹ lórí ẹní ìkírun ni? Ta ni yóò wá rí i, nígbà wo ni yóò sì yọ síta? Láti ọdún tó ti ń fura sí Bàbá Mùrí, kò wá sí i lọ́kàn rí pé bàbá náà lè máa wo òun náà.

Bàbá Mùrí kú ní òwúrọ̀, wọ́n sin ín kí Àsàrí tó wọlé. Alfa kírun sí i lára, ohùn rẹ̀ kò sì já gaara. Àwọn èèyàn rò pé ìbànújẹ́ ni. Ìbànújẹ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́, kò kàn dá wà níbẹ̀ ni.

Kí ọ̀sẹ̀ tó yípo, ọ̀rọ̀ yàrá kẹta ti gba ìlú. Safurat ní òun gbọ́ tí nǹkan ń họ ògiri níbẹ̀. Àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí ní bó bá jẹ́ oògùn ló wà nínú ògán yẹn, kí Alfa má ṣe jẹ́rìí sí i lójú àwọn. Rokibat tó ti dé láti Òṣogbo wá bá a lẹ́nu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀.

"Alfa, bàbá mi ni wọ́n ń pè ní olóògùn. Ẹ̀yin lẹ sún mọ́ wọn jù. Bí ẹ bá dákẹ́ lọ́jọ́ kẹjọ, ta ló kù tó máa sọ̀rọ̀?"

"Rokibat, n kò lè jẹ́rìí sí ohun tí n kò mọ̀."

"Ẹ wá wò ó nígbà náà."

Ní àárọ̀ ọjọ́ àdúà, ilẹ̀ ṣì tutù nítorí òjò àkọ́rọ̀ tó ti rọ̀. Alfa dúró níwájú yàrá kẹta. Rokibat wà lápá ọ̀tún rẹ̀, Safurat lápá òsì. Ràhámọ̀tù jókòó sórí àpótí ọkọ rẹ̀, aṣọ opó lára, ó ń wò wọ́n.

"Ìyá, kọ́kọ́rọ́ dà?"

"Kọ́kọ́rọ́ wo?"

"Ti àgádágodo yìí."

"Kò ní kọ́kọ́rọ́. Ó ti bàjẹ́ kó tó fi kọ́ ọ. Ẹ fà á."

Alfa fà á, ó já sí i lọ́wọ́. Láti ìgbà tí gbogbo àdúgbò ti ń wò ó láti òkèèrè, ẹnì kan kò fọwọ́ kàn án.

"Ìyá, ṣé ẹ̀yin mọ ohun tó wà níbí?"

"Mo mọ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Ta ló bi mí? Ara yín lẹ̀ ń bi."

Rokibat wolẹ̀. Alfa pe Bísímílà, ó ṣílẹ̀kùn. Ooru rọra jáde bá wọn. Ògán dúró nínú aṣọ funfun. Kò sí epo, kò sí igbá, kò sí ìyẹ́ adìẹ Safurat kankan. Amọ̀ díẹ̀ ya lára ògán náà, ó bọ́ sílẹ̀. Orí kékeré kan yọ, dúdú, pẹ̀lú àmì tó pọ́n bí èso ìyeyè, ó yọ ahọ́n, ó wo ayé. Safurat sá sẹ́yìn Alfa. Alfa ń wá ẹ̀yìn ẹni tí òun náà máa sá sí, kò rí.

Ràhámọ̀tù fi etí ìborùn nu ojú. "Ìwà ti dé," ó ní. "Bàbá Rokibat sì ṣèlérí pé òun máa dúró dè é."

"Ìwà wo, Ìyá?"

"Orúkọ tó sọ ọ́ sílẹ̀ nìyẹn, láti ìgbà tí Ọpẹ́ ti yé ẹyin sínú ibẹ̀. Inú ògán ni wọ́n ń yé sí nínú igbó, ìdí tó fi lọ hú u nìyẹn. Ó ní ṣebí gbogbo yín lẹ ń sọ pé Sùúrù ni baba Ìwà. Bí Sùúrù bá wá bímọ, orúkọ wo ni kí òun tún máa wá kiri?"

Orí kejì yọ lẹ́yìn ti àkọ́kọ́. Rokibat bèèrè pé kí wá ni ti èyí. Ìyá rẹ̀ ní Ìwà náà ni. Ó ní ìwà kì í ṣe ẹyọ kan lára ẹnikẹ́ni.

Alfa jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. *Ẹ bá mi tọ́jú ìwà. Kò ní pẹ́ yọ síta. Gbogbo èèyàn ló máa rí i.* Ẹ̀rín kọ́kọ́ bọ́ sí i nímú, ó gbìyànjú láti fi ikọ́ bò ó, kò ṣeé bò. Ó rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi bọ́, tí omi fi ń dà lójú rẹ̀, Safurat sì ń bi Rokibat pé ṣé kò sí nǹkan tó wà nínú ooru ilé yẹn báyìí.

Nígbà tí wọ́n ka Kùránì tán ní àdúà ọjọ́ kẹjọ, Alfa dìde. Àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí tẹjú mọ́ ọn.

"Ẹ̀yin èèyàn, irú èèyàn wo ni Mùrí?"

Ohùn Safurat ló kọ́kọ́ jáde láti apá àwọn obìnrin.

"Ó ní Sùúrù."

Ẹnìkan ṣe bí ẹni tó ń wúkọ́. Ẹlòmíràn láti ẹ̀yìn ní, "Ó ní Ọpẹ́." Ẹ̀rín wá tú, ó gba abẹ́ àtíbàbà kọjá, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà tó ti lejú, ó tú ojú wọn sílẹ̀. Alfa dúró títí ó fi rọlẹ̀.

"Mo jẹ́rìí sí i," ó ní, ohùn rẹ̀ sì já gaara. "Ó sì fi Ìwà sílẹ̀ lọ fún wa."

Àmín ọjọ́ náà pẹ́ kó tó tán.

Ràhámọ̀tù ti ṣe opó tán báyìí. Bí wọ́n bá kírun Àsàrí tán, ẹ lè bá Alfa lórí àpótí náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn òkú fíríìjì, tẹ̀súbà lọ́wọ́ rẹ̀, tó dákẹ́. Ràhámọ̀tù á gbé abọ́ ìfun ẹja kọjá.

"Alfa, ẹ gbọ́ nǹkan kan lónìí?"

"N kò tíì gbọ́, Ìyá."

"Kò burú. Ẹ ṣáà ní sùúrù."

Alfa á bẹ̀rẹ̀, á wo ẹ̀yìn dúrọ́ọ̀mù.

"Ó ń bẹ níbí," á ní. "Ó ń sùn ni."